Ọjọ́bọ̀ tí ilé apòògùn ti tì

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì òru lù nígbà tí ọkọ̀ náà yà kúrò lójú ọ̀nà. Orí márosẹ̀ M1 ni, lápá ibi tí àwọn tó ti Àríwá ń bọ̀ máa ń gbà wọ London, kò jìnnà sí Northampton. Òjò ò rọ̀. Táyà ò bẹ́. Kò sí ọkọ̀ kankan tó sún mọ́ ọn. Ó kàn rọra ń tẹ̀ sápá òsì bí orí ẹni tó ń tòògbé, ó kọjá ìlà funfun, ó bọ́ sétí ọ̀nà, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ha irin tí wọ́n fi dábùú ibẹ̀ títí awakọ̀ fi lajú, tó tẹ bíréèkì. Apá òsì ni èrò iwájú máa ń jókòó sí nílùú yìí. Ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gíláàsì ya á lápá, dókítà rán an lójú mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó kú.

Bàbá Ìbejì ni màá máa pe awakọ̀ náà. Orúkọ yẹn pọ̀ láàárín wa débi pé kò lè tú ẹnikẹ́ni fó. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, ní gúúsù London, èmi ni mo sì ń mójú tó o láti bí ọdún méjì kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Mo ti pa àwọn ohun tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ dà. Bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra ni mi ò fọwọ́ kàn.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn dá a lórí WhatsApp, pásítọ̀ dá a ní pẹpẹ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, Ìyá Ìbejì sì gbé ìdájọ́ náà wá bá mi ní ọ́fíìsì pẹ̀lú báńdéèjì lápá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fún un ní oògùn yẹn. Ẹ̀yin náà lẹ sì ní ó lè wakọ̀." Mi ò lè bá a jiyàn, torí mo ṣe méjèèjì. Buprenorphine ni oògùn náà, hóró tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n lójoojúmọ́ kí ara má baà máa bèèrè tramadol. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé òun ló gbé e sùn lórí sìtíárì.

Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Mo wá jókòó, mo fa bébà yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti Ọjọ́rú títí dé òru Àbámẹ́ta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èèyàn ò lè mọ ìtumọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn láìmọ ibi tí Bàbá Ìbejì ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni. Ó jẹ́ ọmọ ọkọ̀, ó di awakọ̀, ó wà níbẹ̀ nígbà tí tramadol bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò tí párága ti wà tẹ́lẹ̀ nínú gáréèjì. Ó ní kì í ṣe fàájì ni wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n ń lò ó kí ẹ̀yìn má baà ro wọ́n, kí oorun má baà kùn wọ́n, kí wọ́n lè ṣe ìrìn mẹ́ta níbi tí ara ẹni ẹlẹ́ran ara ti yẹ kó ṣe méjì. Òótọ́ ló sì sọ: yàtọ̀ sí pé ó ń pa ìrora, tramadol tún máa ń ta àwọn nǹkan mìíràn jí nínú ọpọlọ, ìyẹn ló fà á tí àwọn kan fi máa ń ta kébé lórí ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ lára, ó lè fa gìrì, gìrì kì í sì í dúró kí awakọ̀ kọ́kọ́ rí ibi páàkì sí. Miligírámù 50 àti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí. 225 tó gba ìgboro kan, fàyàwọ́ ni. Ìwádìí ti ọdún 2018 tí UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ onísirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe kà á sí mílíọ̀nù 4.6 èèyàn tó lo oògùn irú èyí láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Ìṣirò náà ò sọ iye nínú wọn tó jókòó sídìí sìtíárì. Àwọn tó bá ti wọ ọkọ̀ ní Òjọ́ta lè dáhùn fúnra wọn.

Ó dé London lọ́dún 2009, ó gba ìwé àṣẹ, ó ń ṣe kábúkábú. Wákàtí méjìlá lórí àga lójúmọ́, ẹ̀yìn tún dìde. Ó ra kódéènì ní kẹ́mísìtì, dókítà kọ èyí tó lágbára jù ú lọ fún un, lẹ́yìn náà ló bá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba tramadol nínú báàgì àwọn tó ń ti ilé bọ̀. Nígbà tó fi máa jókòó síwájú mi ní 2022, hóró 225 mẹ́rin ló ń gbé mì lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ 400 miligírámù ni àròpọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá. Ó ń gbé èrò lọ sí Heathrow lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó sọ lọ́jọ́ tí mo ní kó kọ̀wé sí DVLA, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní Swansea, kò tíì kúrò létí mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbé e mì tí mò ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Ìgbà tí mo wá wá ìwòsàn ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ̀ mí. Ṣé kí n fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ra ni?"

Mo ka òfin fún un bó ṣe wà. Ẹni tí oògùn bẹ́ẹ̀ bá ti di bárakú fún gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Tí kò bá sọ, owó ìtanràn lè tó £1,000. Wọ́n á gba ìwé àṣẹ náà. Ẹni tó ń wa mọ́tò ara rẹ̀ lè rí i gbà padà nígbà tó ṣì wà lórí buprenorphine tàbí methadone, oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe irú ìtọ́jú yìí, bí dókítà àgbà bá ń bójú tó o, tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́, tí kò sí oògùn olóró mìíràn, igbó pàápàá, lára rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì máa ń tún un yẹ̀ wò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti tírélà ní tiwọn ní láti dúró ṣinṣin lórí ìtọ́jú náà fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó lè gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Ibi tó ti dun Bàbá Ìbejì nìyí: ní London, òdiwọ̀n ìlera ti awakọ̀ tírélà ni wọ́n fi ń wọn oníkábúkábú. Iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ilé lọ nìyẹn.

Mo tún sọ fún un pé tí kò bá kọ̀wé, tó sì ń wakọ̀ lọ, ìlànà iṣẹ́ wa gbà wá láyè láti sọ fún wọn. Kò dáhùn. Ó wo ilẹ̀ títí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló mú lẹ́tà náà wá kí n bá òun wo gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, ká má baà fi bò: ó dá mi lójú pé àwọn kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi tí wọn ò padà wá mọ́. Wọ́n wà lójú títì lónìí, ohun tí wọ́n ń gbé mì ò sí nínú ìwé ẹnì kankan. Àwọn ni ẹ̀rù wọn ń bà mí jù.

Nípa oògùn náà fúnra rẹ̀. Buprenorphine dà bí èrò tó jókòó gírígírí sórí àga, tí kò sì gbà kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí tramadol tàbí heroin ń ṣe nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe é dópin, ó níbi tó máa ń dé tí kò ní lọ mọ́ bí a tilẹ̀ fi kún un. Methadone ò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Olómi ni, ó máa ń pọ̀ sí i lára fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń ga jù láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá mu ún. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní ewu, ọjọ́ tí wọ́n bá fi kún un ní ewu, oorun máa ń kun èèyàn láàárín ọ̀sán. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wakọ̀ nígbà yẹn. Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì wà níwájú ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́nàkọnà, torí ìwé rẹ̀ wà ní Swansea. Owó tí ìyàwó rẹ̀ ń rí nídìí ìmọ́tótó ọ́fíìsì ni wọ́n jẹ.

Ohun kan wà tí àwọn awakọ̀ nìkan ló máa ń sọ fún mi. Oògùn wọ̀nyí máa ń mú ọmọlójú kéré bí orí abẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án, èèyàn lè má mọ̀. Lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kéré, ẹni tó wọ aṣọ dúdú tó ń sọdá títì á kàn yọ sí ọ lójijì. Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, oṣù kẹta tó ti gba ìwé rẹ̀ padà: "Ó dà bí ìgbà tí wọ́n dín iná òpó kù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹrù ọ̀sán.

Nígbà yẹn, ó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré fún àwọn tó ń gbé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sílé oníbàárà. Miligírámù 16 ni ó ń lò lójúmọ́, kò yí padà fún oṣù mẹ́rìnlá. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó sanra díẹ̀. Ẹni tó bá wà ní irú ìdúróṣinṣin yẹn, ṣé ewu ni lójú títì? Àwọn onímọ̀ ní Australia gbé irú wọn sídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003: ìwakọ̀ àwọn tó wà lórí methadone àti buprenorphine ò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò lo nǹkan kan. Ọtí tí wọ́n fún gbogbo wọn ló ba ìwakọ̀ gbogbo wọn jẹ́. Àwọn ará Faransé náà wo àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ọkọ̀, wọ́n gbé tiwọn jáde ní 2012: ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì tí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń gba oògùn wọ̀nyí jẹ́ ẹni tó lẹ́bi ìjàǹbá. Àwọn tó fẹ́ràn àríyànjiyàn máa ń gbé ọ̀kan, wọ́n á ti èkejì sábẹ́ ẹní. Ojú méjèèjì ni mo fi ń wò wọ́n. Nínú yàrá ìwádìí, oògùn nìkan ni wọ́n fi jókòó. Lójú títì Faransé, àwọn tí wọ́n kà ní ọtí àti oògùn mìíràn lára ju àwọn awakọ̀ yòókù lọ, ìgbésí ayé wọn sì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Ojú títì ni Bàbá Ìbejì wà.

Ọ̀sẹ̀ náà nìyí.

Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń gba oògùn ọ̀sẹ̀ kan nílé apòògùn. Hóró tó kẹ́yìn nínú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi sábẹ́ ahọ́n ní aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n fi ẹrù kún tirẹ̀, ó dé ilé apòògùn ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń tì. Ó rí ọmọbìnrin tó ń nu káńtà nínú, ó kan gíláàsì, ọmọ náà na ìka sí páálí tí wọ́n kọ àkókò sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ó ti kúrò nílé kí wọ́n tó ṣí. Ara ò tíì le jù, torí buprenorphine kì í tètè kúrò lára. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ di adìyẹ bà lókùn. Ó ń yán, imú ń ṣomi, ẹsẹ̀ ò gbélẹ̀. Ó pè mí ní aago mẹ́fà àbọ̀. Ọ́fíìsì wa ti tì ní márùn-ún, ó bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́ ọ: "Nọ́ọ̀sì, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Oògùn mi ti tán. Mò ń lọ sí Manchester fún òkú. Màá dé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má bínú." Ó yán lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀rọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ṣì fi pamọ́.

Ó wakọ̀ lọ sí Manchester lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sùn nígbà tó débẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ aṣọ ẹbí, ó ń làágùn bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì, ó ń lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lemọ́lemọ́. Ìyá Ìbejì rò pé ọbẹ̀ ni. Ó mu stout kan ní nǹkan bí aago mẹ́rin, kò wọlé. Aago mẹ́jọ alẹ́, ọ̀rẹ́ kan tó mọ ohun tó ń ṣe é fún un ní hóró búlúù méjì, diazepam miligírámù 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ tó sì ń mú oorun kun èèyàn, ó ní kó fi sinmi. Ọ̀rẹ́ yẹn ò ní ìkà nínú. Ara tó ti ń bọ́jọ́ méjì jó bí iná rọlẹ̀. Ní aago mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkẹta mì.

Kí ló dé tí kò sùn síbẹ̀? Mo bi í. Ó ní ẹrù Àìkú ń bẹ, aago méje àárọ̀ ni, ẹni tó bá pa Àìkú jẹ, wọ́n á gbé ojú ọ̀nà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá Ìbejì ò tíì gba ìwé àṣẹ, kẹ́kọ̀ọ́ ló wà. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n olóòkú pé àwọn ń lọ, ó kó jollof fún wọn nínú ike, ó gbàdúrà ìrìn àjò. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n kúrò.

Ọlọ́pàá méjì dé bá wọn létí ọ̀nà. Apá ibi tó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ará wa tó ń wakọ̀ nílùú yìí fara balẹ̀ kà, torí ohun tí wọ́n rò pé ó lè gbà wọ́n kọ́ ló ń gba èèyàn.

Wọ́n ní kó fẹ́ ẹ̀rọ ọtí. Òdo ló kà. Wọ́n fi ọ̀pá kékeré nu ahọ́n rẹ̀. Igbó àti kokéènì nìkan ni ẹ̀rọ ojú ọ̀nà yẹn ń wá; kò rí nǹkan kan. Bàbá Ìbejì ní ọkàn òun balẹ̀ níbẹ̀. Ìwé oògùn wa wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ̀rù ìwé yẹn ló ń bà á, ó sì ti ń rò pé wọn ò ní dé ibẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin tó wà níbẹ̀ wò ó, ó ní kó jáde wá dúró sábẹ́ iná ọkọ̀ àwọn.

Ìdánwò márùn-ún ni. Ó fi páálí kékeré wọn ọmọlójú rẹ̀. Ó ní kó di ojú, kó gbé orí sẹ́yìn, kó ka ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú ọkàn rẹ̀, kó wí nígbà tó bá pé. Ó ní kó rìn lórí ìlà, gìgísẹ̀ síwájú ìka ẹsẹ̀, kó yí padà. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó ní kó fi ìka kan imú. Bàbá Ìbejì ṣí lẹ́sẹ̀ lórí ìlà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìka rẹ̀ kan ètè. Nígbà tó ní 30 ti pé, aago ọwọ́ ọlọ́pàá ti dé 54.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní tìmọ́lé. Èsì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó dé, nígbà tó sì dé, ẹbí gba á bí àpò owó. Láti ọdún 2015 ni òfin ti dá iye lé oògùn 17 nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ní England àti Wales: diazepam, maikirogírámù 550 nínú lítà kan, methadone, 500, morphine, 80. Ti Bàbá Ìbejì ò tó 550. Àṣẹ́kù buprenorphine wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n buprenorphine ò sí nínú àwọn 17 rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ mí láago láti Ìbàdàn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣebí ó ti bọ́ nìyẹn?"

Kò bọ́. Òfin kejì wà, ó ti pẹ́ ju ti iye lọ: ẹni tí oògùn ò jẹ́ kó lè wakọ̀ dáadáa ti jẹ̀bi, iyekíye tó wù kó wà lára rẹ̀. Bí irin ṣe ha, bó ṣe rìn lórí ìlà, 54 tó pè ní 30, àwọn ni ẹ̀rí. Ẹni tí iye ti rẹ̀ bá kọjá lórí methadone tí dókítà kọ fún un, tó ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, òfin ti 2015 fún un ní àwíjàre. Nínú òfin kejì yìí, kò sí irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Kóòtù gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì fún oṣù mẹ́rìnlá. Mejìlá ni ó kéré jù tí adájọ́ lè fúnni. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọ̀daràn.

Kí kóòtù tó jókòó ni ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní kí n wá. Ilé ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì ni, ní Peckham, Ìbàdàn wà lórí fóònù tí wọ́n gbé ti ìgò Ribena. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí n gbà kó jáwọ́ nínú oògùn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo tẹ́ bébà mi sórí tábìlì. Mo bi Ìyá Ìbejì pé ìgbà wo ló gbẹ̀yìn rí ọkọ rẹ̀ kó fi hóró sábẹ́ ahọ́n. Ó ronú. Ó ní, "Ọjọ́rú." Mo ní ọjọ́ wo ni wọ́n ha irin? Kò dáhùn, ó ń wo bébà. Mo fi ìwọ̀n ọmọlójú tí ọlọ́pàá kọ hàn wọ́n: milimítà 7. Ẹni tí buprenorphine bá dì mú, ọmọlójú rẹ̀ á kéré. Tirẹ̀ là gbàgà, bí ti ẹni tí ara ń bèèrè. Òkùnkùn náà máa ń la ọmọlójú, n ò gbé gbogbo ẹjọ́ lé ìyẹn, ṣùgbọ́n ó bá gbogbo ohun yòókù mu. Oorun òru méjì tí kò sùn, diazepam mẹ́ta, àti oògùn tí kò lò.

Láti inú fóònù, ẹ̀gbọ́n bèèrè pé, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló yan Ọjọ́bọ̀?"

Èmi ni. Mo mọ̀ pé ó ń gbé ẹrù títí di aago méje lọ́pọ̀ ọjọ́. Mo yan ilé apòògùn yẹn torí pé ó sún mọ́ ilé rẹ̀, mo yan Ọjọ́bọ̀ torí pé Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wà ní ọ́fíìsì kékeré wa tó wà ládùúgbò ibẹ̀. N ò bèèrè aago tí wọ́n ń tì. Kò sí nọ́ńbà kankan tí mo fún un fún ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Bí ó bá tilẹ̀ dé ilé apòògùn ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta tí kò lò ó nìyẹn, ìlànà sì ni pé kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ wa kí a kọ́kọ́ tún un yẹ̀ wò. Ọ́fíìsì wa kì í ṣí ní Àbámẹ́ta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Ìyá Ìbejì dìde, ó lọ gbé omi wá fún mi.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni dókítà wa yí i sí abẹ́rẹ́ buprenorphine tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n máa ń gún un sí, oògùn á máa jò sínú ara díẹ̀díẹ̀, kò sí Ọjọ́bọ̀, kò sí gíláàsì tí èèyàn ń kàn. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ló fi ṣàárẹ̀ díẹ̀. Ní báyìí, inú ilé ìkẹ́rùsí ló ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ, òkè ní iwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí, ó ní awakọ̀ wọn kì í fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè.

Ó wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn tí mo ti gún un tán, tó ń fi bọ́tìnnì sí ihò, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé fóònù yín jáde." Ó dìde dúró sáàárín yàrá, ó di ojú, ó gbé orí sẹ́yìn, ó kó ẹsẹ̀ pọ̀. Mo tẹ aago. Kò mì. Ó ní, "Ó pé."

Mo wo fóònù. 31.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."